Yàrà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò: ọ̀rọ̀ lórí àwọn ìwé ogun Róòmù

Ẹni tó bá mọ̀ mí ní Ìlọrin níbí mọ̀ pé tí ọ̀rọ̀ bá ti kan ogun àwọn ará Róòmù ayé àtijọ́, mi ò kí ń lè dákẹ́. Ìbéèrè kan náà làwọn èèyàn sì máa ń bi mí, wọ́n á ní ìwé wo ni káwọn fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n á tún fi kún un pé èyí tí idà pọ̀ nínú ẹ̀ o, èyí tí wọ́n ti jà dáadáa, àwọn gladiator tó ń jà níwájú èrò, Hannibal ọ̀tá Róòmù tòun ti erin ẹ̀, Julius Caesar. Ó yé mi. Idà dùn ún kà. Ṣùgbọ́n gbogbo ọdún tí mo ti ń ka àwọn ìwé yìí, ohun kan ló ń hàn sí mi ṣáá, òun ni mo sì fẹ́ sọ lónìí tọkàntọkàn: ìwé ogun Róòmù tó dáa jù ni èyí tó bá jẹ́ kẹ́ ẹ rí wọn níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, gbígbẹ́ ilẹ̀. Yàrà, odi, bùdó, ta ló sùn síbo, ta ló ń ṣọ́nà lóru, kí ni wọ́n jẹ, kí ni wọ́n rù sẹ́yìn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń borí kí idà tó jáde nínú àkọ̀.

Ẹ sì mọ̀ pé ìlú ogun ni ìlú tiwa náà. Balógun mẹ́rin la ní títí dòní, Balógun Gàmbàrí, Balógun Fúlàní, Balógun Àjíkóbì àti Balógun Àlànámú, ojú ogun lọ̀rọ̀ oyè yẹn ti wá, tí ẹ bá sì wà nítòsí ààfin Ẹmíà lásìkò Iléyá tí àwọn ẹlẹ́ṣin bá ń sáré bọ̀, tí kàkàkí ń dún, tí eruku bo gbogbo ojú títì, ẹ máa mọ ìdí tó fi jẹ́ pé ẹṣin ni mo kọ́kọ́ ń wá nínú ìwé ogun èyíkéyìí. Àmọ́ ọmọ Ìgbómìnà ni ìyá mi, lọ́nà Àjàṣẹ́-Ìpo lọ́hùn-ún, àwọn ará ilé tiwọn kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ ìtàn ẹṣin, ìtàn odi àti yàrà ni wọ́n ń sọ, torí àwọn ni ẹṣin ń lé. Ẹ̀jẹ̀ méjèèjì wà lára mi, bóyá ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára tó báyìí nìyẹn.

Ẹni tí mo máa kọ́kọ́ fà lé yín lọ́wọ́ ni Polybius. Gíríìkì ni, kì í ṣe ará Róòmù. Lẹ́yìn tí Róòmù ṣẹ́gun ọba Makedóníà ní ọdún 168 ṣáájú (gbogbo ọdún tí mo bá kọ "ṣáájú" sí lẹ́yìn, ṣáájú ìbí Ànábì Ísà ni mo ń wí) wọ́n kó bí ẹgbẹ̀rún kan àwọn èèyàn ńlá Gíríìkì lọ sí Ítálì kí àwọn ará ilé wọn má baà ta félefèle, Polybius sì wà nínú wọn. Ibẹ̀ ló ti di ọ̀rẹ́ Scipio Aemilianus, ọ̀gágun Róòmù, òun náà ló sì dúró tì í nígbà tí Carthage, ìlú ọ̀tá Róòmù ní àríwá Áfíríkà, ń jó ní 146 ṣáájú. Ohun tó ń jà gùdù lọ́kàn ọkùnrin yìí ni pé báwo ni ìlú kan ṣoṣo ṣe di ọ̀gá lórí gbogbo ayé tóun mọ̀ láàárín ọdún tí kò tó 53. Ogójì ìwé ló kọ lórí ẹ̀, márùn-ún àkọ́kọ́ nìkan ló ṣẹ́ kù ní odidi, ti ìyókù, àjákù àjákù ló dé ọwọ́ wa. Ẹ fo àwọn yẹn ná, ẹ lọ sí ìwé kẹfà tààrà.

Nínú ìwé kẹfà yìí kò sí ogun kankan. Bùdó ló ń ṣàlàyé. Tí àwọn ọmọ ogun Róòmù bá ti ń sún mọ́ ibi tí wọ́n máa sùn sí, àwọn kan á ti ṣáájú lọ yan ilẹ̀, ibi tí àgọ́ ọ̀gá àgbà máa wà ni wọ́n á kọ́kọ́ ri àsíá mọ́, láti ibẹ̀ ni wọ́n á ti wá máa wọn ilẹ̀ lọ sọ́tùn-ún sósì, títì gbọọrọ gbọọrọ, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba, bó ṣe rí lónìí náà ló máa rí lọ́la níbòmíràn, tó fi jẹ́ pé ọmọ ogun á kàn wọlé ni, á ti mọ ibi tí àgọ́ tiẹ̀ wà láìbi ẹnikẹ́ni. Láàárín odi àti àgọ́ tó wà létí, wọ́n á fi 200 fíìtì sílẹ̀ yíká, kí iná tàbí ọ̀kọ̀ tí ọ̀tá bá jù wọlé lóru má baà kan àwọn tó ń sùn, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń kó màlúù àti ẹrù tí wọ́n bá kó lógun sí. Polybius wá sọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí mo fẹ́ràn púpọ̀, ó ní àwọn èèyàn tòun, àwọn Gíríìkì, òkè tàbí odò tí Ọlọ́run ti dá sílẹ̀ ni wọ́n ń wá fi ṣe odi torí wọn ò fẹ́ wàhálà gbígbẹ́lẹ̀, bùdó wọn wá ń yí padà ṣáá, ẹnikẹ́ni ò mọ àyè ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ará Róòmù gbà láti ṣiṣẹ́ àṣelàágùn yẹn lójoojúmọ́ torí pé bùdó kan ṣoṣo tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n fẹ́. Gíríìkì ló ń sọ èyí nípa Gíríìkì o.

Ẹ wá wo ti ìṣọ́ òru. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n á kọ ọ̀rọ̀ àṣírí sára pátákó kékeré, ó máa ti ọwọ́ ẹgbẹ́ tó wà ní ìparí ìlà bọ́ sí ọwọ́ ẹgbẹ́ tó tẹ̀ lé e, títí pátákó yẹn á fi padà dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá tó gbé e jáde, tí kò bá padà dé kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀gá á mọ ibi tó há sí. Ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n pín òru sí. Àwọn tó ń ṣọ́nà ní pátákó tiwọn lọ́wọ́, tó ní àmì lára. Àwọn ẹlẹ́ṣin tí wọ́n yàn á wá máa lọ káàkiri lóru, wọ́n á mú ọ̀rẹ́ dání tó máa ṣe ẹlẹ́rìí, ẹni tí wọ́n bá bá lójúfò, wọ́n á gba pátákó ọwọ́ ẹ̀, ẹni tí wọ́n bá bá tó ń sùn, wọn ò ní jí i, wọ́n á kàn fi han ẹlẹ́rìí, wọ́n á kọjá lọ. Ilẹ̀ á mọ́, wọ́n á ka pátákó, ọ̀kan ò pé, àmì á sì sọ ti ẹni tó jẹ́. Wọ́n á dá ẹjọ́ ẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Tó bá jẹ̀bi, ọ̀gá á mú kóńdó, á fi kàn án lára lásán, gbogbo bùdó á wá gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, igi, òkúta, àwọn tó sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ lánàá gan-an ni wọ́n ń lù ú o, torí ẹ̀mí tiwọn ló fi ta oorun. Ẹni tí ẹ̀mí ẹ̀ bá yọ nínú ẹ̀, kò lè padà sílé mọ́, àwọn ẹbí ẹ̀ ò jẹ́ gbà á.

Bàbá kan wà ní àdúgbò wa, sójà tó ti fẹ̀yìn tì, lọ́jọ́ kan mo jókòó tì wọ́n lábẹ́ igi dógóńyárò iwájú ilé wọn, mo ń túmọ̀ ibi pátákó yìí fún wọn. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, àwọn tó kọ ìyẹn mọ ogun. Oorun burú ju ìbọn lọ."

Mo ní, "Bàbá, ṣé ẹ̀yin náà máa ń gbẹ́ ilẹ̀ ni?"

"Kí la wá ń ṣe? Ká tó sọ báàgì kalẹ̀ la ti ń gbẹ́ tiwa. Ọwọ́ á bó, wà á gbẹ́ ẹ. Tún ibi ti ìyà yẹn kà."

Mo tún un kà. Láti ọjọ́ yẹn tí mo bá ti ń kọjá wọ́n á ní "ọ̀rẹ́ àwọn ará Róòmù, ibo lẹ bá a dé?", mo sì máa ń dúró sọ ibi tí mo bá a dé fún wọn.

Josephus ló kàn. Júù ni, òun ló ń darí ogun àwọn Júù ní Gálílì nígbà tí Vespasian kó ogun Róòmù dé, wọ́n dó ti ìlú Jotapata fún ọjọ́ 47 ní ọdún 67 lẹ́yìn Ànábì Ísà, wọ́n sì mú un láàyè. Ẹ lọ sí ìwé kẹta nínú ìtàn tó kọ nípa ogun àwọn Júù. Ó ka ohun tí ẹlẹ́sẹ̀ Róòmù kọ̀ọ̀kan ń rù yàtọ̀ sí ohun ìjà: ayùn, apẹ̀rẹ̀, dígà, àáké, okùn awọ, dòjé, ṣéènì, àti oúnjẹ ọjọ́ mẹ́ta. Ó ní ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọmọ ogun yìí àti ìbaaka tó ń ru ẹrù, kò tó nǹkan. Ọ̀tá tó ti bá wọn jà, tó rí wọn láti orí odi, ló kọ èyí, ohun tí mo fi gbà á gbọ́ nìyẹn. Ó tún sọ bí wọ́n ṣe ń ṣí kúrò ní bùdó, fèrè àkọ́kọ́ wọ́n á tú àgọ́, fèrè kejì wọ́n á di ẹrù wọ́n á sì dáná sun bùdó kí ọ̀tá má baà rí i lò, fèrè kẹta wọ́n á tò, akéde á wá bi wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta pé ṣé wọ́n ti ṣe tán fún ogun, wọ́n á ké lẹ́ẹ̀mẹta pé àwọn ti ṣe tán, ọwọ́ ọ̀tún lókè. Josephus yìí náà ló sọ pé ìdánrawò wọn, ogun tí ẹ̀jẹ̀ kì í sí nínú ẹ̀ ni, ogun wọn sì jẹ́ ìdánrawò tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ẹ̀.

Ọ̀gágun Róòmù kan tún wà, Domitius Corbulo, ó máa ń sọ pé dígà ni kí wọ́n fi ṣẹ́gun ọ̀tá. Frontinus ló gbé ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ nínú ìwé ọgbọ́n ogun tó kọ. Frontinus yìí ti ṣe gómìnà ilẹ̀ Bìrìtéènì rí, wọ́n sì padà fi í ṣe alábòójútó omi ìlú Róòmù. Ìtàn kúkúrú kúkúrú ló kún inú ìwé yẹn, ẹ lè máa ka mẹ́ta mẹ́rin kẹ́ ẹ tó sùn.

Ó wá kan Caesar. Mo mọ̀ pé òun lẹ ti ń dúró dè. Ìwé méje ló kọ lórí bó ṣe gba ilẹ̀ Gaul, tó jẹ́ ilẹ̀ Faransé àti àyíká ẹ̀ lónìí, ìkẹjọ, Aulus Hirtius ló kọ ọ́. Kì í sọ pé "mo ṣe báyìí", "Caesar ṣe báyìí" ló máa ń wí, ẹ má sì gbàgbé pé olóṣèlú ni, ara ẹ̀ ló ń polówó fún àwọn ará ilé, gbogbo oye òkú ọ̀tá tó bá kà fún yín, ẹ fi ojú méjì wò ó. Àmọ́ tó bá dórí iṣẹ́ ilẹ̀ kò sí ẹni tó kọ ọ́ tó o, wàláhì.

Ẹ ka ìwé kejì, ogun tó bá àwọn Nervii, ẹ̀yà kan ní ilẹ̀ Gaul, jà létí odò Sabis ní 57 ṣáájú. Líjíọ̀nù mẹ́fà (ẹgbẹ́ ọmọ ogun ńlá ti Róòmù ni líjíọ̀nù) ti dé, wọ́n ti kó nǹkan ìjà tì, wọ́n ń gbẹ́ yàrà bùdó, àwọn kan ti lọ jìnnà lọ wá igi odi, àfi gìrì tí àwọn Nervii tú jáde láti inú igbó, wọ́n la odò kọjá, wọ́n ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Kò sí àyè láti dé àkòró, kò sí àyè láti bọ́ awọ tí wọ́n fi bo apata, ibi tí kálukú bá bá ara ẹ̀ ló ti jà, àsíá tó bá kọ́kọ́ rí ló dúró sí lábẹ́. Caesar gba apata lọ́wọ́ ọmọ ogun kan tó wà lẹ́yìn, ó sáré lọ síwájú, ó ń pe àwọn balógun ọ̀rún lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibi tó wọ̀ mí lọ́kàn kọ́ nìyẹn o. Ibi tó wọ̀ mí lọ́kàn ni pé Caesar fúnra ẹ̀ sọ ohun méjì tó kó wọn yọ: àwọn ọmọ ogun ti gbọ́n débi pé wọ́n mọ ohun tó yẹ kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún wọn, àti pé ó ti pàṣẹ pé kí ọ̀gá líjíọ̀nù kankan má kúrò nídìí iṣẹ́ àti nídìí líjíọ̀nù ẹ̀ títí bùdó á fi parí. Àwọn ọ̀gá wà níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́lẹ̀! Ká ní wọ́n ti lọ jókòó sínú àgọ́ ni, ìtàn ibẹ̀ ì bá parí síbẹ̀.

Ìwé karùn-ún náà, ẹ má fò ó. Ọdún 54 ṣáájú, ìgbà òtútù, Quintus Cicero, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá ogun Caesar, àbúrò Cicero tó gbajúmọ̀ fún ọ̀rọ̀ sísọ, wà nínú bùdó, àwọn Nervii yí i ká. Igi tí wọ́n ti kó jọ fún odi, wọ́n fi kọ́ ilé ìṣọ́ tó tó 120 ní òru ọjọ́ kan. Ara Quintus ò le, síbẹ̀ kò sùn, àfi ìgbà tí àwọn ọmọ ogun ẹ̀ pariwo lé e lórí pé ó gbọ́dọ̀ sinmi. Ní òdìkejì, àwọn Nervii náà ti fojú kọ́ ọ, àwọn òǹdè Róòmù sì ń là á yé wọn, wọ́n fẹ́ mọ odi tiwọn yí bùdó yẹn ká, ṣùgbọ́n wọn ò ní irin iṣẹ́, idà ni wọ́n fi ń gé ilẹ̀, ọwọ́ àti aṣọ ìborùn ni wọ́n fi ń kó yẹ̀pẹ̀, Caesar sì ní kò tó wákàtí mẹ́ta tí wọ́n fi parí ẹ̀. Tí mo bá dé ibẹ̀ yẹn, mo máa ń fìwé sílẹ̀ díẹ̀. Ẹ fojú inú wo ọkùnrin tó ń fi idà gé ilẹ̀. Caesar kọ lẹ́tà sí Quintus pé òun ń bọ̀, álífábẹ́ẹ̀tì Gíríìkì ló fi kọ ọ́ kí ọ̀tá má baà lè kà á, wọ́n so ó mọ́ ọ̀kọ̀, wọ́n jù ú wọlé, ọ̀kọ̀ lọ gún ara ilé ìṣọ́, odidi ọjọ́ méjì ẹnikẹ́ni ò rí i, ọjọ́ kẹta ni ọmọ ogun kan ṣẹ̀ṣẹ̀ tajú kán rí i.

Alesia ní 52 ṣáájú, òun ni gbogbo èèyàn mọ̀, Vercingetorix, olórí ogun àwọn ará Gaul, wà lórí òkè nínú ìlú, Caesar gbẹ́ yàrà ó sì mọ odi yí i ká ní nǹkan bíi máìlì 11 ti Róòmù, ó tún wá mọ òmíràn sẹ́yìn ara ẹ̀ tó jẹ́ 14 torí àwọn tó ń bọ̀ wá gba ìlú sílẹ̀. Kòtò tí wọ́n gbẹ́ ní fíìtì mẹ́ta, igi tí wọ́n gbẹ́ lẹ́nu ṣóńṣó nínú ẹ̀, ewé lórí, wọ́n ń pè é ní òdòdó lílì. Inú mi máa ń dùn sí ọgbọ́n yẹn títí màá fi dé ibi tí oúnjẹ ti tán nínú ìlú, tí wọ́n wá lé àwọn onílùú gan-an jáde, àwọn Mandubii, tọkọ taya tọmọ, wọ́n dé ìdí odi Róòmù wọ́n ń sunkún pé kí wọ́n kó àwọn lẹ́rú ṣáá kí wọ́n fún àwọn lóúnjẹ. Caesar ní kí wọ́n má gbà wọ́n wọlé. Gbólóhùn kan ló fi kọ ọ́, ó sì kọjá lọ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Kò sọ ohun tó padà ṣẹlẹ̀ sí wọn. Yàrà tí mo ń yìn láti àárọ̀ yìí, àwọn ọmọdé yẹn ló há sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ ka ìwé ogun gbọ́dọ̀ ka ibẹ̀ pẹ̀lú.

Mo fẹ́ mú un wá sílé díẹ̀. Ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, tó jáde ní 1921, mo máa ń ṣí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ Polybius. Ní nǹkan bíi 1840 àwọn ẹlẹ́ṣin wa dó ti Òṣogbo, àwọn ará Ìbàdàn wá gbèjà, òru ni wọ́n kọ lu bùdó, ìlọ sí gúúsù tí Ìlọrin ń lọ sì ti ibẹ̀ dúró. Láti ìgbà tí mo ti ka Polybius ni mo ti ń bi ara mi pé báwo ni bùdó yẹn ṣe rí lóru, ta ló ń ṣọ́nà, ibo ni ẹṣin wà sí ibi tí ẹni tó ni ín sùn sí? Ẹlẹ́ṣin tí kò tíì gun ẹṣin, ẹlẹ́sẹ̀ ni. Ogun Jálumi náà, ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá 1878 nítòsí Ìkìrun, odò Ọ̀tìn gbé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tiwa lọ bí wọ́n ṣe ń sá. Ẹ wá lọ ka adágún Trasimene ní 217 ṣáájú, Hannibal lúgọ sórí òkè, kùrukùru bo ojú ọ̀nà, Flaminius kó ogun Róòmù gba etí omi láìrán ẹni tó máa ṣáájú lọ wò ó, nǹkan bí 15,000 ló kú, àwọn kan wọ omi dé ọrùn pẹ̀lú ẹ̀wù irin lára. Livy, òpìtàn Róòmù, ní ilẹ̀ mì tìtì lásìkò ogun yẹn, àwọn tó ń jà ò tiẹ̀ mọ̀. Ọmọ Ìlọrin tó bá ka Trasimene, tó sì mọ ìtàn Jálumi, kò ní í kà á bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.

Tí ẹ bá fẹ́ràn ẹṣin bíi tèmi, ogun méjì ló máa tẹ́ yín lọ́rùn. Zama ní 202 ṣáájú, àwọn ẹlẹ́ṣin Numidia ti Masinissa, ọmọ Áfíríkà láti ilẹ̀ Àlìjíríà òde òní tó wà lẹ́yìn Róòmù, ni wọ́n padà dé láti ẹ̀yìn tí Hannibal fi fìdí rẹmi. Èkejì ni Carrhae ní 53 ṣáájú, àwọn ẹlẹ́ṣin Parthia (ilẹ̀ Ìránì àti àyíká ẹ̀ lónìí) tó ń ta ọfà fọ́ ogun Crassus, ọ̀gágun Róòmù, túútúú lórí pẹ̀tẹ́lẹ̀, ràkúnmí ló ń ru ọfà tẹ̀ lé wọn, torí náà ọfà ò tán. Plutarch, òǹkọ̀wé Gíríìkì kan, ní 20,000 ló kú.

Àwọn tó ń wá gladiator ńkọ́? Gladiator kì í ṣe ọmọ ogun, eré ìdárayá tó ń gba ẹ̀mí ni tiwọn. Ẹ ka ìtàn Spartacus, gladiator tó kó àwọn ẹrú dìtẹ̀ sí Róòmù, nínú Plutarch, ó wà nínú ìtàn ìgbésí ayé Crassus yìí kan náà, nígbà tí ẹ bá sì kà á jìnnà ẹ máa padà bá ara yín létí yàrà: Crassus gbẹ́ ẹ gba ẹsẹ̀ ilẹ̀ Ítálì kọjá láti òkun dé òkun, fíìtì 15 ní fífẹ̀, 15 ní jíjìn, kó lè sé àwọn ẹrú yẹn mọ́. Spartacus dúró de òru tí yìnyín ń bọ́, ó fi yẹ̀pẹ̀ àti ẹ̀ka igi dí ibì kan, ó kó bí ìdá mẹ́ta àwọn èèyàn ẹ̀ kọjá. Ọdún 71 ṣáájú ni wọ́n tó pa á.

Vegetius ò pẹ́ ẹ́ kà. Ìgbà tí Róòmù ti ń lọ sílẹ̀ ló kọ tiẹ̀, òun fúnra ẹ̀ ò jagun, àmọ́ ó kó ohun tí àwọn àtijọ́ kọ jọ: ọmọ tuntun á máa bá òpó igi fíìtì mẹ́fà jà, idà igi tó wúwo tó ìlọ́po méjì, wọ́n á kọ́ ọ láti máa gún dípò kó máa ṣá, á rin máìlì 20 ní wákàtí márùn-ún, á tún kọ́ bí wọ́n ṣe ń ru ẹrù rìn. Tó wá dé orí bùdó, ọkùnrin yìí bẹ̀rẹ̀ sí í kédàárò, ó ní ìmọ̀ yẹn ti parẹ́ pátápátá, kò sẹ́ni tó ń gbẹ́ yàrà yí bùdó ká mọ́, ó sì ní àwọn ẹlẹ́ṣin ọ̀tá ti ń dé lójijì tọ̀sán tòru, wọ́n sì ti ṣe ọ̀pọ̀ ogun Róòmù lọ́ṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìwé ẹ̀, ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohùn ẹni tó ń bẹ̀rù ní tòótọ́.

Èyí tó dùn mí jù nínú gbogbo ẹ̀ ni Tacitus, òpìtàn Róòmù. Ọdún 9 lẹ́yìn Ànábì Ísà, Arminius, ọmọ Jámánì, tan Varus, ọ̀gágun Róòmù, wọ igbó Jámánì, líjíọ̀nù mẹ́ta tán síbẹ̀, ẹ ti gbọ́ ọ rí. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, Germanicus, ọ̀gágun Róòmù mìíràn, kó ogun padà dé ojú ibẹ̀, Tacitus sì sọ ohun tí wọ́n rí ní ṣísẹ̀ ntẹ̀lé. Bùdó àkọ́kọ́ tóbi, wọ́n wọn àárín ẹ̀ dáadáa, ẹ wò ó ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ líjíọ̀nù mẹ́ta ni. Wọ́n tún rìn síwájú, odi kan tó ti wó dé ìdajì, yàrà ẹ̀ ò jìn, ibẹ̀ ni àwọn tó ṣẹ́ kù ti dúró. Àárín pápá wá jẹ́ egungun funfun. Tacitus ò tíì sọ bí ogun ṣe lọ o, bí yàrà ṣe ń fẹ́lẹ́ sí i ló fi sọ ọ́, àwọn tó kọ́kọ́ dé ní agbára láti gbẹ́ ẹ dáadáa, àwọn tó kẹ́yìn ò ní in mọ́. Ọ̀rọ̀ tó fi kọ ọ́ kò pọ̀ rárá, mi ò sì rí ẹni tó kọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó ku díẹ̀ tí mo fẹ́ sọ fún àwọn tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní tòótọ́. Polybius, Josephus, Caesar, Plutarch, Livy, Tacitus, gbogbo wọn ló wà lọ́fẹ̀ẹ́ lédè Òyìnbó lórí Project Gutenberg, fóònù lásán ti tó, kò jẹ dátà púpọ̀, ẹ sì lè dáónílóòdù ẹ̀ tí NEPA bá mú iná wá kẹ́ ẹ máa kà á tí wọ́n bá mú un lọ. Tí ẹ bá rí ìwé Peter Connolly, Greece and Rome at War, níbi tí wọ́n ti ń ta ìwé tókunbọ̀, owó yòówù tí wọ́n bá pè, ẹ ná an dáadáa, ẹ má jẹ́ kó lọ, ọkùnrin yẹn ya àwòrán apata, àkòró àti bùdó débi pé ohun tí Polybius fi ojú ewé púpọ̀ sọ á hàn sí yín lẹ́ẹ̀kan náà. Adrian Goldsworthy, The Complete Roman Army, dáa fún ẹni tó fẹ́ kí ẹnìkan kó gbogbo ẹ̀ jọ fún òun. Àwọn pátákó Vindolanda náà, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í hú jáde láti 1973 ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́tà tí àwọn ọmọ ogun kọ ní tiwọn ni, ẹnìkan fi ìbọ̀sẹ̀ àti àwọ̀tẹ́lẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, ọ̀gá kan ń sọ pé ọtí bíà ti tán lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun òun kí wọ́n fi ránṣẹ́, ẹ lè ka ìyẹn nígbàkúùgbà. Bí mo ṣe ní kí àbúrò mi tó wà ní Yunifásítì tẹ̀ lé e ni mo máa fi sílẹ̀ fún yín: Polybius ìwé kẹfà, kẹ́ ẹ tó bọ́ sórí Caesar ìwé kejì àti ìkarùn-ún, Josephus ìwé kẹta, ẹ wá padà sí Polybius ìwé kẹta fún Trasimene àti Cannae, ibòmíràn tí Hannibal ti ṣẹ́gun Róòmù. Ẹ fi Tacitus sí ìkẹyìn, ó le díẹ̀, gbólóhùn ẹ̀ máa ń há, àmọ́ tí ẹ bá ti ka àwọn tó kù, ẹ máa mọ ohun tí ẹ ń wò tẹ́ ẹ bá dé ibi odi tó wó yẹn.